Fáyólìn Àyálò

Ọdún keje tí fáyólìn náà ti wà lọ́wọ́ Tẹ́ẹ́rẹ́ ni ó sùn lọ lórí àga níbi iṣẹ́ Onísùúrù. Kì í ṣe pé ó gbèrò láti sùn. Ó gbé àpótí fáyólìn lé orí tábìlì, ó fọwọ́ sí ìwé, ó ní òun á jókòó díẹ̀. Kí ọkùnrin náà tó rí awò ojú rẹ̀ mú, oorun ti gbé obìnrin lọ.

Àtúnṣe fáyólìn ni iṣẹ́ Onísùúrù, ẹni ọdún mẹ́tàlélógójì ni. Àwọn ará ilé iṣẹ́ ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn, nítorí ó lè fi ọjọ́ mẹ́ta fá igi tí kò tóbi ju èékánná lọ. Ìsàlẹ̀ ilé àjọ kan ló ti ń ṣiṣẹ́. Àjọ náà ní ohun èlò olókùn mọ́kànlá; èyí tó kéré jù lọ́jọ́ orí nínú wọn ti lé ní igba ọdún, wọn kì í sì í tà wọ́n. Àwọn tó bá mọ̀ ọ́n ta ju ẹgbẹ́ wọn lọ ni wọ́n máa ń yá wọn fún ọdún mẹ́wàá. Ẹni tí wọ́n bá yá gbọ́dọ̀ gbé e wá fún àyẹ̀wò ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta. Kò gbọ́dọ̀ fi í sílẹ̀ nínú ọkọ̀, kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ẹlòmíì ta á, kò sì gbọ́dọ̀ gbàgbé pé kì í ṣe tòun. Ìkẹyìn yìí ló máa ń ṣòro jù.

Tẹ́ẹ́rẹ́ ni àwọn ẹgbẹ́ eléré tó wà nínú rẹ̀ ń pe obìnrin náà, nítorí bí ara rẹ̀ ṣe rí. Ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni. Òun ló ń jókòó sí àga iwájú láàárín àwọn tó ń ta fáyólìn, ọwọ́ rẹ̀ ni gbogbo wọn ń wò kí wọ́n tó fa okùn.

Àyẹ̀wò náà kì í gbà ju ààbọ̀ wákàtí lọ. Onísùúrù parí rẹ̀, ó sì jókòó. Ó rọra ti fèrèsé kí ariwo títì má bàa wọlé. Akọ̀wé àjọ, ìyá àgbà kan tó kù díẹ̀ kó fẹ̀yìn tì, sọ̀ kalẹ̀ wá gba ìwé. Onísùúrù na ìka sí ètè. Akọ̀wé wo ẹni tó ń sùn, ó wo ẹni tó ń ṣọ́ oorun, ó sì padà sókè láìgba ìwé kankan.

Wákàtí méjì kọjá kí Tẹ́ẹ́rẹ́ tó lajú.

“Kí ló dé tí ẹ ò jí mi?”

“Wọ́n ní kí n yẹ fáyólìn wò, mà. Wọn ò ní kí n jí ẹni tó gbé e wá.”

“Mo ti pẹ́ fún ìdánrawò.”

“Bí èèyàn bá máa pẹ́, ó sàn kó ti sùn dáadáa kó tó pẹ́.”

Tẹ́ẹ́rẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ẹni tí kò ráyè rẹ́rìn-ín láti ọjọ́ pípẹ́, ó gbé àpótí kọ́ èjìká òsì, nítorí pé ọ̀tún ń dùn ún, ó sì jáde. Onísùúrù ṣí fèrèsé padà. Ó wá rí i pé òun ò tíì jẹun láti àárọ̀, ebi ò sì pa òun.

Lẹ́yìn ìyẹn, oṣù mẹ́ta bẹ̀rẹ̀ sí í kúrú. Ọ̀sẹ̀ kẹta, Tẹ́ẹ́rẹ́ padà wá, ó ní okùn kejì ń dún bákan. Ọ̀sẹ̀ kẹfà, ó ní òun rò pé ọ̀rinrin ti wọ inú àpótí. Lọ́jọ́ tó wá ní ẹ̀ẹ̀kẹrin, akọ̀wé dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́.

“Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin láàárín oṣù méjì,” ó ní. “Ṣé àìsàn ló ń ṣe fáyólìn yìí ni?”

“Ara rẹ̀ ń yá díẹ̀díẹ̀, mà,” ni Onísùúrù dáhùn.

“Mo rí i. Kí ẹni tó ń ṣe dókítà rẹ̀ náà má lọ gbé ibẹ̀ ṣàìsàn.”

Ṣùgbọ́n Onísùúrù ò sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ fún obìnrin náà. Ìyàwó kan ti jáde nílé rẹ̀ rí. Ọ̀rọ̀ tó sọ kó tó lọ ni pé, “O máa ń gbọ́ ohùn igi ju ohùn èmi lọ.” Onísùúrù mọ̀ pé òótọ́ ni. Láti ọjọ́ náà ló ti gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé ẹni bíi tòun, tábìlì àti ìfági ló yẹ ẹ́.

Tẹ́ẹ́rẹ́ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ń wò ó níbi tó ti ń so okùn tuntun, ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yé fi ‘ẹ̀yin’ bá mi sọ̀rọ̀. Ó ń ṣe mí bíi pé ọ́fíìsì la wà.”

“Ọ́fíìsì náà la wà.”

“Ẹ jẹ́ ká jáde nígbà náà.”

Wọ́n jáde. Ṣọ́ọ̀bù tíì kan wà lẹ́bàá ibùdókọ̀, àwọn àga rẹ̀ ò dúró dáadáa, Onísùúrù sì ká páálí sábẹ́ ẹsẹ̀ àga obìnrin náà kó tó jẹ́ kó jókòó. Nígbà tí wọ́n fẹ́ dìde, Onísùúrù ní, “Ṣé o máa wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀?” Ahọ́n rẹ̀ kọ́ lórí “o” náà bí ẹni tó wọ bàtà tuntun. Tẹ́ẹ́rẹ́ ní òun á wá.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ wọn wá di ti ìgbéyàwó, ìyá Tẹ́ẹ́rẹ́ ló kù. Ọkọ ìyá náà kú nígbà tí ọmọ wà lọ́mọ ọdún mẹ́fà, ó sì fi rírán aṣọ àwọn ọmọ ilé ìwé tọ́ ọ fún ọdún mọ́kànlélógún. Ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ ni ọmọ ti kọ́ fáyólìn. Bí ọmọ bá ti dáwọ́ dúró, ìyá náà á dá ẹsẹ̀ ẹ̀rọ dúró, á ní, “Mo ń gbọ́ pé o ti dákẹ́.” Ní báyìí, ojú ìyá ti di bàìbàì, àwọn méjèèjì sì jọ ń gbé yàrá méjì.

“Kí ni bàbá rẹ̀ ń ṣe?” ìyá béèrè lọ́jọ́ tí ọmọ dárúkọ ọkùnrin náà fún un.

“Káfíńtà ni wọ́n.”

“Òun náà ńkọ́?”

“Ó ń tún fáyólìn ṣe, Màámi.”

“Káfíńtà ọmọ káfíńtà.” Ìyá ká aṣọ tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. “Mi ò sọ pé kò dáa. Mo ní mi ò fẹ́ ni.”

Akọ̀wé àjọ ló gbà láti ṣe alárinà. Ó wọ bàtà tó máa ń wọ̀ lọ sípàdé ọ̀gá àgbà, ó sì mú Onísùúrù lọ sílé wọn lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú kan. Ó ti to ọ̀rọ̀ sílẹ̀ láti ilé: pé ọkùnrin náà kì í mutí, kì í pariwo, àti pé ọdún méjìlá ló ti fi ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn láìfọ́ nǹkan kan. Ìyá náà tẹ́tí gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó wá yíjú sí ọkùnrin náà.

“Mo gbọ́ pé ẹ̀yin lẹ máa ń yẹ fáyólìn ọmọ mi wò.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà.”

“Nígbà tí ọdún mẹ́wàá bá pé, ta ló máa kọ̀wé pé kí wọ́n fi ọdún kún un tàbí kí wọ́n gbà á?”

“Èmi náà ni, mà.”

“Ó dáa. Tí ẹ bá di ọkọ rẹ̀, tí ẹ sì kọ̀wé pé kí wọ́n fi í sílẹ̀ fún un, wọ́n á ní ìfẹ́ ló kọ̀wé. Tí ẹ bá kọ ọ́ pé kí wọ́n gbà á, ẹ̀yin ọkọ rẹ̀ lẹ gba oúnjẹ lẹ́nu rẹ̀. Ẹ fi ọ̀nà tí kò ní ẹ̀gún hàn mí níbẹ̀, màá gbà á.”

Onísùúrù wo ilẹ̀. Akọ̀wé wo Onísùúrù. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí alárinà tò sílẹ̀ ò kan èyí.

“Mi ò rí i, mà,” ni Onísùúrù dáhùn.

“Ẹ ṣeun tí ẹ ò purọ́. Ẹ jẹ́ kí ọdún mẹ́wàá pé ná.”

Nígbà tí wọ́n dé títì, akọ̀wé mí kanlẹ̀. “Obìnrin yẹn ì bá ṣe adájọ́,” ó ní.

Wọ́n dúró. Ọdún mẹ́ta kì í ṣe ọjọ́ mẹ́ta. Tẹ́ẹ́rẹ́ máa ń rìnrìn àjò pẹ̀lú ẹgbẹ́ eléré fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, á padà pẹ̀lú ojú tó ti rì sínú, wọ́n á mu tíì ní ibùdókọ̀, á tún lọ. Nígbà míì wọ́n á jókòó láìsọ nǹkan kan, nítorí pé ẹni tó ń dúró de nǹkan kì í ní ìròyìn. Lọ́jọ́ kan ó ní, “Tó o bá rí ẹlòmíì, má dúró dè mí.” Onísùúrù ní òun ò wo ọ̀nà ibòmíì. Ṣùgbọ́n bó ṣe ń rìn lọ sílé, ó bi ara rẹ̀ léèrè bóyá sùúrù lòun ń ṣe tàbí ìbẹ̀rù.

Nígbà tó ku oṣù mẹ́rin kí ọdún mẹ́wàá pé, ó ki dígí kékeré bọ inú fáyólìn bó ṣe máa ń ṣe, ó sì rí i. Igi iwájú ti là nínú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó kékeré tó gbé ohùn dúró. Ojú lílà náà ò gùn ju ìka lọ, ó sì tín-ín-rín bí irun. Ó yí iná padà, ó tún wò ó. Etí ojú lílà náà ti dọ̀tí díẹ̀. Kì í ṣe ti ọ̀sẹ̀ yìí.

Ó gbé dígí sílẹ̀. Tẹ́ẹ́rẹ́ ń wò ó láti orí àga.

“Ó ti tó ìgbà wo tó o ti mọ̀?” ni Onísùúrù béèrè.

Tẹ́ẹ́rẹ́ ò díbọ́n. “Láti ìgbà òjò. Ohùn ìsàlẹ̀ ò jáde mọ́ bó ṣe yẹ. Mo ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kó lè jáde.”

“Ó ti ń lọ sí oṣù mẹ́ta nìyẹn. O ò sọ fún mi.”

“Tí mo bá sọ fún ẹ, o máa kọ ọ́ sínú ìwé àyẹ̀wò.”

“Màá kọ ọ́.”

“Mo mọ̀. Ìdí tí mi ò fi sọ nìyẹn.” Ó fọwọ́ ra èjìká ọ̀tún rẹ̀. “Oṣù mẹ́rin ló kù. Jẹ́ kí n fi parí rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn kí wọ́n wá gbà á, màá fi ọwọ́ ara mi gbé e lé wọn lọ́wọ́.”

Ó gbé àpótí, ó lọ. Onísùúrù fi ìwé àyẹ̀wò sínú àpò, ó sì ń gbé e kiri fún ọjọ́ mẹ́ta. Ọwọ́ òun nìkan ni dígí náà wà. Bí òun bá dákẹ́, ta ló máa mọ̀? Igi tó ti rí igba ọdún lè rí oṣù mẹ́rin sí i. Ó sì lè pín sí méjì láàárín orin, kí ó má ṣeé tún ṣe mọ́ títí láé. Ó ro ti fáyólìn, ó ro ti obìnrin, ó tún ro ti ìyá tó ti rí ẹ̀gún yìí láti ọdún mẹ́ta. Lọ́jọ́ kẹta, ó jókòó kọ ọ́. Gbólóhùn méjì ni: àkọ́kọ́, pé fáyólìn náà ti là nínú, kí ẹnikẹ́ni má ta á mọ́ títí wọ́n á fi tún un ṣe, ìkejì, pé òun tí òun kọ ìwé yìí fẹ́ fẹ́ ẹni tó ń lò ó, nítorí náà kí wọ́n pe ẹlòmíì wá wò ó, kí wọ́n má gba ti òun nìkan gbọ́.

Akọ̀wé ka ìwé náà lórí ìdúró. “Ṣé o ti sọ fún un?”

“Ibẹ̀ ni mò ń lọ.”

“Ó yẹ kó o ti dé ibẹ̀ kó o tó dé ọ̀dọ̀ mi,” ni akọ̀wé wí, ó sì fi òǹtẹ̀ lù ú.

Onísùúrù bá Tẹ́ẹ́rẹ́ níwájú ilé tí wọ́n ti ń ṣe ìdánrawò, àpótí wà lọ́wọ́ obìnrin náà.

“Mo ti kọ ọ́.”

Ó rọra gbé àpótí sílẹ̀. “Oṣù mẹ́rin péré ni mo ní kó o fún mi.”

“Kì í ṣe tèmi láti fún ẹ.”

“Mo mọ̀ pé kì í ṣe tìẹ. Kì í ṣe tèmi náà. Láti kékeré ni mo ti ń sin ohun tí kì í ṣe tèmi.” Kò pariwo, kò sì sunkún. “Máa lọ. Mo ní iṣẹ́ láti ṣe nínú ilé.”

Àjọ pe ọ̀jọ̀gbọ́n kan láti ìlú míì. Òun náà wo inú fáyólìn, ó ní ọpẹ́lọpẹ́ ẹni tó tètè sọ. Wọ́n gba fáyólìn náà. Ọ̀gá àgbà wá pe Onísùúrù, ó ní ìwé tó kọ dára, ṣùgbọ́n ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ló yẹ kó ti sọ pé òun ń fẹ́ ẹni tó ń lo ohun èlò àjọ. Ọ̀rọ̀ ọ̀gá ò ṣeé jiyàn. Onísùúrù fi iṣẹ́ àjọ sílẹ̀, ó kó ìfági rẹ̀ sínú àpò, ó sì lọ gba yàrá kan lókè ṣọ́ọ̀bù oníbàtà, ibi tí èèyàn ti máa gun àtẹ̀gùn mọ́kànlélógójì kó tó dé. Fáyólìn àwọn ọmọ ilé ìwé ló ń tún ṣe níbẹ̀, àwọn tí wọ́n fi ẹ̀rọ ṣe, tí wọn ò ní ọjọ́ orí kankan.

Ọdún kan kọjá. Akọ̀wé, tó ti fẹ̀yìn tì, ló ń mú ìròyìn wá: wọ́n ti gbé Tẹ́ẹ́rẹ́ kúrò ní àga iwájú sí ẹ̀yìn, Tẹ́ẹ́rẹ́ ti fi ẹgbẹ́ eléré sílẹ̀, ó ti ń kọ́ àwọn ọmọdé. “Kò béèrè ẹ,” ni akọ̀wé máa ń fi kún un, nítorí pé kò fẹ́ tàn án. Onísùúrù á dúpẹ́, á sì padà sídìí iṣẹ́. Ó ti rẹ̀ ẹ́ débi pé kò mọ̀ pé ó ti rẹ òun.

Àárọ̀ ọjọ́ kan, ó gbọ́ ẹsẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ẹsẹ̀ tó ń dúró, tó ń mí, tó tún ń gun. Nígbà tó ṣí ilẹ̀kùn, ìyá Tẹ́ẹ́rẹ́ ló di igi àtẹ̀gùn mú. Ó sáré gbé àga. Ìyá náà jókòó, ó sì mí títí kó tó lè sọ̀rọ̀.

“Mi ò wá bá yín jà,” ó ní.

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà.”

“Lọ́jọ́ tí ọmọ mi kọ́kọ́ mọ̀ pé fáyólìn yẹn ti ń ṣàìsàn, ó fẹ́ wá sọ fún yín. Ó ti wọ bàtà. Èmi ni mo ní tó bá sọ ọ́, kó má pe mí ní ìyá mọ́.”

Onísùúrù bu omi mímu fún ìyá náà, ìyá sì ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ.

“Èjìká rẹ̀ wú nítorí bó ṣe ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Àràárọ̀ ni mò ń fi omi gbígbóná jó o fún un, tí mo sì ń sọ fún un pé kó máa lọ. Èmi tí mo bí i.” Ó fi etí aṣọ nu ojú. “Ó ti sàn báyìí. Ó ń jẹun. Ó bá mi jiyàn lánàá nítorí ata, inú mi sì dùn, nítorí kì í bá mi jiyàn tẹ́lẹ̀. Ẹ̀yin lẹ gbé ẹrù yẹn kúrò lórí rẹ̀, èmi ni mo gbé e rù ú. Ibi tí mo ti ṣì yín lóye nìyẹn.”

“Ṣé òun ló ní kí ẹ wá?”

“Tó bá mọ̀ pé mo gun òkè yìí, a ò ní gbádùn nílé. Ẹ lọ bá a sọ̀rọ̀. Ẹ má rán alárinà. Kí ẹ sì mọ̀ pé mi ò lè gun àtẹ̀gùn yìí mọ́ láyé mi. Tí ẹ bá máa fẹ́ra, ilé ìsàlẹ̀ ni kí ẹ wá.”

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà ló lọ sí ilé ìwé. Àwọn ọmọ ti lọ sílé. Tẹ́ẹ́rẹ́ jókòó sórí àga àwọn ọmọdé, orúnkún rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n, ó ń yí okùn fáyólìn kéékèèké mẹ́sàn-án lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó gbójú sókè, ó rí i, ó sì tún tẹ orí ba.

“Ìyá mi ti wá bá ẹ,” ó ní.

“Wọ́n ní tó o bá mọ̀, o máa bínú.”

“Mo bínú. Mo bínú sí ìyá mi, mo bínú sí ẹ, mo bínú sí igi. Ó ti rẹ̀ mí láti máa bínú.”

Onísùúrù fa àga kékeré kan, òun náà jókòó. “Tó bá tún ṣẹlẹ̀, màá kọ ọ́ bákan náà.”

“Mo mọ̀.”

“Ṣùgbọ́n ọjọ́ mẹ́ta tí mo fi ń gbé ìwé yẹn kiri, ọ̀dọ̀ rẹ ló yẹ kí n ti lò ó. Ká jọ jókòó tì í, ká jọ kọ ọ́. Mo gbọ́ ti fáyólìn, mi ò gbọ́ tìẹ. Ohun tí mo wá sọ nìyẹn.”

Tẹ́ẹ́rẹ́ dá ọwọ́ dúró.

“Ká ní o wá lọ́jọ́ kìíní,” ó ní, “màá ti bá ẹ jà, màá sì ti fọwọ́ sí i.” Ó gbé fáyólìn kékeré kan lé e lọ́wọ́. “Okùn ẹ̀yìn tèyí ti fẹ́ já. Bá mi wò ó.”

Oṣù márùn-ún ni wọ́n fi wá ilé ìsàlẹ̀ kan tó ní yàrá mẹ́ta, tí fèrèsé rẹ̀ sì dáa fún ẹni tí ojú rẹ̀ ti di bàìbàì. Wọ́n ṣègbéyàwó ní ọ́fíìsì ìjọba láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì kan. Akọ̀wé ló jẹ́rìí fún ọkọ, ẹ̀gbọ́n ọkọ kan ló jẹ́rìí fún ìyàwó. Wọ́n ti dájọ́ náà sí àárọ̀ nítorí pé Tẹ́ẹ́rẹ́ ní akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́sàn-án tó ń dúró dè é lọ́sàn-án. Ọkọ rẹ̀ sìn ín dé ẹnu ọ̀nà ilé ìwé, ó lọ tún okùn kan ṣe fún oníbàárà, ó sì padà wá mú un nígbà tí kíláàsì parí.

Nígbà tí wọ́n dé ilé, ìyá ti jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó gbé àga méjì sí ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀.

“Ẹ káàbọ̀,” ó ní. “Ó ti rẹ̀ yín.”

“Ó rẹ̀ wá, Màámi,” ni Onísùúrù dáhùn. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó pè é bẹ́ẹ̀. Ìyá náà sún díẹ̀ kí wọ́n lè ráyè kọjá, àwọn méjèèjì ò sì kọjá. Wọ́n jókòó tì í.